Wọ́n ní kí n wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìwádìí gẹ́gẹ́ bí ìyá aláìsàn: kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn?

Ìyá Àníkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Mo nílò ìmọ̀ràn yín lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 16, ní ẹ̀jẹ̀ SS, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ ni a ti ń gbé e lọ tí a ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ fún mi pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìrora tó máa ń mú àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí, àti pé àwọn tó fẹ́ fún wọn lówó iṣẹ́ náà ti là á sílẹ̀ pé aláìsàn tàbí òbí aláìsàn gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí rẹ̀. Ó ní ọkàn òun lọ sọ́dọ̀ mi nítorí pé mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lé ní ojú ewé 30, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, mo sì rí i níbẹ̀ pé wọ́n ti yan ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí, wọ́n ti kọ ìbéèrè tí wọn yóò máa bi àwọn ọmọ, wọ́n sì ti pín owó sí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ ná an sí. Kí ló wá kù tí èmi fẹ́ sọ?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára tó báyìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Kíráísìsì, ìyẹn ìrora líle tí àìsàn yìí máa ń gbé dìde lójijì, mú ọmọ yìí, a gbé e lọ ní òru. Ó sọ fún ẹni tó gbà wá pé, "Àyà ń gún mi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀, tí mo padà rí ní ọjọ́ kẹta, ni pé ara ń dun ọmọ náà káàkiri, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n máa ń fún un tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mímí ti di iṣẹ́ fún un. Wọ́n sáré gbé e sórí ọ́síjìn, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó yè é. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbàgbé pé ọmọ náà ti sọ ohun tó ń ṣe é tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Nítorí náà, ṣé ohùn aláìsàn máa ń yí nǹkan padà nínú ìwádìí ní tòótọ́, àbí orúkọ mi ni wọ́n kàn fẹ́ fi kún ìwé? Kí ló yẹ kí n béèrè kí n tó gbà? Ṣé mo lè ní kí wọ́n máa bá mi sọ Yorùbá? Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yìí kì í ṣe èyí tí mo fi ń kọ́ ọmọ.

Mátírọ́ọ̀nù Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)

Ìyá Àníkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbólóhùn ọmọ yín, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín wà.

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo sọ ìrora. Orí ní í fọ́ni, inú ní í runni, ẹsẹ̀ ní í roni, ojú egbò ní í tani, àyà tàbí ìhà ní í gúnni. Ẹni tó ní apá ń ro òun kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní apá ń ta òun, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́njú tí yóò ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Nínú àìsàn yìí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto máa ń tẹ̀ bíi dòjé, wọn a dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú eegun, eegun a sì máa roni láti inú wá. Ríro nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá sọ pé àyà ń gún òun, pàápàá bí ó bá ń gún un nígbà tó bá mí sínú, ẹ̀dọ̀fóró ni ó yẹ kí ọkàn wa kọ́kọ́ lọ sí, nítorí pé ohun tí àwọn dókítà ń pè ní acute chest syndrome wà lára àwọn ohun tó ń pa àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS jù lọ, ó sì sábà máa ń yọjú ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí kíráísìsì ti gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó kọ ọ́ pé ara ń dun ọmọ náà káàkiri kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ bo ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó mọ́lẹ̀. Mo rí irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà: aláìsàn á sọ ọ́ ní Yorùbá, dókítà tó jẹ́ ọmọ Yorùbá á gbọ́ ọ ní Yorùbá, á sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni fáìlì ń gbà, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá sì ní ọ̀rọ̀ fún, á ṣubú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé nínú ìwé ìbéèrè wọn, wọn yóò ní kí ọmọ mú òǹkà kan láti 0 dé 10 láti fi sọ bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó. Òǹkà náà wúlò, mo lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì ní kí wọ́n jù ú nù. Ohun tí kò lè sọ fún wọn ni pé ọmọ tó mú 7 lónìí lè jẹ́ ọmọ tó mú 10 ní ìjẹta, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé ó ń ṣe àṣejù. Kò sì lè sọ fún wọn pé ọmọ tí ìrora ti ń bá gbé láti kékeré kì í sunkún mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí mo bá níbi tó ti ń wo fóònù tó sì ń rẹ́rìn-ín, mo bá lọ dá àwọn mìíràn lóhùn kí n tó padà fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé fóònù yẹn ni ó fi ń sá fún ìrora náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé ìbéèrè náà fún gbólóhùn tí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ní èdè tó fi sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ sì ní kí wọ́n kọ aago tó sọ ọ́ àti aago tí wọ́n dá a lóhùn. Bí wọ́n bá gba ohun méjì yìí wọlé, ẹ ti ṣe ju orúkọ ìwé lọ.

Adéwálé (Peckham, London)

Ẹ̀yin màmá wa méjèèjì, mo kí yín. Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ SS, mo ti pé ọdún 43, Adó-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ó sì ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń gbé ní London. Mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ yìí ní ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí náà mo lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ti Ìyá Àníkẹ́: ohùn aláìsàn máa ń yí nǹkan padà, bí ó bá tètè dé.

Fún ọdún púpọ̀, ohun tí àwọn tó ń dán oògùn àìsàn yìí wò máa ń kà ni iye ìgbà tí kíráísìsì gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn. Bí iye yẹn bá lọ sílẹ̀, wọn a ní oògùn náà ṣiṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan fún àwọn aláìsàn ní ìwé kékeré láti máa kọ bí ara wọn ṣe rí sí lójoojúmọ́, títí di oṣù mẹ́fà. Àwọn 232 ni wọ́n lo àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú gbogbo ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìrora wà ní ọjọ́ tó lé ní ìdajì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀ kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ohun tí dókítà ń rí ni ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ìyókù, orí ibùsùn nínú ilé la ti ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú omi gbígbóná àti páníkílà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n títí tí ẹnì kan fi ronú láti fún aláìsàn ní bírò.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, 2014, àjọ FDA tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà pe àwọn tó ní àìsàn yìí àti àwọn ẹbí wọn sí ìpàdé, wọ́n ní kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí oògùn tuntun ṣe fún wọn. Wọ́n sọ ti ìrora, ó dájú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa àárẹ̀ tí oorun kì í mú kúrò, nípa bí ọpọlọ ṣe máa ń ra ènìyàn, àti nípa bí wọ́n ṣe máa ń wò wọ́n bí ẹni tó wá jẹ oògùn olóró nígbà tí wọ́n bá wá gba ìtọ́jú. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àárẹ̀ ló gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ìrora.

Ẹ má rò pé nítorí pé mo wà ní ìlú Ọba ni wọ́n ṣe máa ń gbọ́ wa. Láti 2012 ni ìlànà NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn ìjọba níbí, ti sọ pé ẹni tí kíráísìsì bá gbé dé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ rí oògùn ìrora gbà láàárín ìṣẹ́jú 30. Ní oṣù Kẹrin 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan tó ní àìsàn yìí kú sí ilé ìwòsàn ní London. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn yẹn náà ló ti fi fóònù pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, pé kí wọ́n wá fún òun ní ọ́síjìn. Lẹ́yìn ìwádìí lórí ikú rẹ̀, àwọn aṣòfin kó ẹ̀rí àwọn aláìsàn jọ láti ibi gbogbo, wọ́n sì gbé ìròyìn kan jáde ní oṣù Kọkànlá 2021 tí àkọlé rẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́rìí níbẹ̀ sọ pé ìṣẹ́jú 30 yẹn kì í wáyé. Orí ìwé ni ìlànà náà wà, ohùn àwọn tó sùn sórí ibùsùn ló jẹ́ kí wọ́n rí i pé kò kúrò lórí ìwé.

Ibi tí mo ti rí i pé ó ṣeé ṣe ni ti Casgevy, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tún àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì ṣe. Ìjọba fi àṣẹ sí i ní oṣù Kọkànlá 2023, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sí i lára lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ pọ́n-ùn fún ẹnì kan, NICE kò sì gbà kí NHS, ètò ìlera ìjọba, san án nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò ní oṣù Kẹta 2024. Àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ níwájú wọn, ẹgbẹ́ Sickle Cell Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàlàyé ohun tí ìwé ìṣirò wọn fi sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n gbà á fún nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn lọ́dún.

Àwọn ohun tí mo kọ́ nínú ìgbìmọ̀ tèmi rèé. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni òbí tàbí aláìsàn níbẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń pa ẹnu mọ́, ẹni méjì a máa fún ara wọn ní ìgboyà. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ àti owó àkókò yín láìtijú. Gbogbo ẹni tó kù lórí tábìlì yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹ ní kí wọ́n máa fi àkọsílẹ̀ ìpàdé ránṣẹ́, kí ẹ lè wò ó bóyá ohun tí ẹ sọ wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Bí ìwádìí náà bá sì kan oògùn lọ́jọ́ iwájú, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa fún ọmọ ní oògùn náà nígbà tí ìwádìí bá parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lo oògùn àìsàn yìí kan tó ń jẹ́ voxelotor, ara rẹ̀ ti ń mókun, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì kó o kúrò lórí àtẹ ní gbogbo àgbáyé ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Wọ́n ní ìdí tó lágbára, nítorí pé wọ́n rí ewu nínú èsì tuntun, ṣùgbọ́n inú ìròyìn ló ti gbọ́ ọ kí ilé ìwòsàn tó pè é.

Ìyá Àníkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mátírọ́ọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò fún yín ní àlàáfíà sí i. Mo ti wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ìbéèrè 41 ni wọ́n fẹ́ bi àwọn ọmọ, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó béèrè ohun tí ọmọ náà ṣe fún ìrora rẹ̀ nínú ilé kí wọ́n tó gbé e wá. Mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó kù tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá mo ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti ní kí wọ́n bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá, àbí àánú ni mo ń tọrọ.

Olùwádìí kan (Ilé-Ifẹ̀)

Mà, kì í ṣe àánú ni ẹ ń tọrọ. Apá 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 sọ pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ṣàlàyé fún un, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tó yé e àti ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tó ní mu. Ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn tí ìjọba gbé jáde ní 2018, tí ẹ̀tọ́ 12 wà nínú rẹ̀, tún un sọ, ó sì fi kún un pé aláìsàn lè gbà tàbí kó kọ̀ láti kópa nínú ìwádìí. Ní ti ìwádìí gan-an, ìkéde Helsinki tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbáyé ṣe ní 1964 ni gbogbo wa ń tẹ̀lé, nígbà tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí a fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn olùkópa àti àwùjọ wọn kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń lọ, àti lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti parí ìwé ojú ewé 30 kí wọ́n tó pè yín, ẹ lè bi wọ́n bóyá ó ṣì ṣeé tún kọ, nítorí pé bí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí kò bá tíì fọwọ́ sí i, ó ṣeé tún kọ dájúdájú, kódà bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀nà wà láti dá àtúnṣe padà sọ́dọ̀ wọn.

Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ìwé ìfọwọ́sí sí Yorùbá níbi iṣẹ́ wa, mo sì fẹ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà ti fi hàn mí. Ìgbà kan wà tí a fẹ́ ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó ń yan oògùn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa lò, pé kọ̀ǹpútà ló ń pín wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo kọ gbólóhùn gígùn kan tí n kò rí ẹnikẹ́ni tó yé. Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ló gbọ́ ọ tán tó ní, "Ẹ ń ṣẹ́ gègé ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. Gègé la ń ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé wa títí di òní, mo sì ti rí i pé àwọn ìyá tó bá kà á máa ń béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, irú bíi ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí gègé bá mú ọmọ wọn síbi tí kò dára.

Bí ìtumọ̀ bá sì tọ̀nà, àṣà ṣì wà níbẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé pé olùkópa lè jáde nígbàkígbà láìsí ìbínú, ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí tí wọ́n ti tọ́jú ọmọ rẹ̀ kò ní sọ fún dókítà pé òun ò ṣe mọ́, á kàn dẹ́kun wíwá ni, àwa á sì kọ ọ́ pé ó sọnù. Títẹ ìka sí ìwé ìfọwọ́sí náà ń dẹ́rù ba àwọn àgbàlagbà, nítorí pé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni ìwé ilẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn nǹkan báyìí, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè sọ wọ́n fún wa bíi ti ẹni tó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí, mà.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ibo ni wọn yóò fi pa mọ́ sí, fún ọdún mélòó, ṣé yóò rìn jáde kúrò ní Nàìjíríà, ta ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀ bí ó bá di nǹkan? Ní 1951, ní ìlú Baltimore, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọdún yẹn kan náà, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ń sanwó fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ títí di òní, 2023 ni ọ̀kan nínú wọn tó bá ẹbí rẹ̀ yanjú ẹjọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn olùwádìí nìkan ló ní ìmọ̀ lórí àìsàn yìí. Niprisan, oògùn àìsàn yìí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn NIPRD ní Àbújá ṣe, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá kan, Ẹni-ọ̀wọ̀ Ogunyale, ni àgbo rẹ̀ ti wá: ata ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n bá a ṣe àdéhùn, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001 pé ó dín kíráísìsì kù. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba iṣẹ́ títà rẹ̀ wọ gbèsè ní 2008, ó sì dùn mí gan-an pé oògùn náà kò tàn kálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ni ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó wọ yàrá ìwádìí.

Fọlákẹ́mi (Òṣogbo)

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo jẹ́ ẹni ọdún 23, mo ní ẹ̀jẹ̀ SS. Láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, yàtọ̀ sí Ẹ̀gbọ́n Adéwálé, àwọn tó ń tọ́jú wa àti àwọn tó bí wa ló ń sọ̀rọ̀. Àníkẹ́ ti pé ọmọ ọdún 16, ìrora rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wádìí, n kò sì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè bóyá òun náà fẹ́ wà nínú ìgbìmọ̀.

Màámi fẹ́ràn mi, kò sí àní-àní níbẹ̀. Títí mo fi pé ọdún 19, òun ló ń dá dókítà lóhùn nígbà tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè. Àwọn nǹkan wà tí n kò lè sọ níwájú rẹ̀: pé mo máa ń fi oògùn mi pa mọ́ sínú àpò aṣọ ní ilé ìwé, tí n kì í sì í lò ó nígbà mìíràn, kí àwọn tí a jọ ń gbé yàrá má bàa rí i, pé kíráísìsì mi máa ń wá pẹ̀lú nǹkan oṣù mi, ohun tí ojú ń tì mí láti sọ fún dókítà ọkùnrin, pé ẹnì kan ti fi mí sílẹ̀ nítorí jínótáìpù mi, àti pé mo gbà á láyè láti lọ nítorí pé èmi náà mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìwé ìbéèrè yẹn bi mí níwájú màámi, irọ́ ni mo máa pa fún wọn, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́.

Ní ti orúkọ náà, fòníkú-fọ̀la-dìde, mo mọ̀ pé ohun tí a jogún bá ni, àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò sì ní èrò búburú. Àmọ́ ẹ gbọ́ ikú tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ronú nípa ọmọ ọdún méje tí wọ́n fi ń júwe nínú kíláàsì. Àwọn kan nínú wa ń pe ara wọn ní jagunjagun. Èmi kàn máa ń sọ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ SS. Kí ìgbìmọ̀ náà béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ sí orí ìwé.

Ìyá Àníkẹ́ (Ìbàdàn)

Fọlákẹ́mi, ọmọ mi, dìde, n kò bínú. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé fóònù náà fún Àníkẹ́ pé kí òun náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní òru ọjọ́ yẹn.

Ó kà á tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màámi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́. Ìgbà tí ẹ jáde lọ ra abẹ́rẹ́ ni mo sọ ìkẹrin, wọ́n ní kí n gbìyànjú láti sùn." Ọdún méjì ni a ti jọ wà nínú ilé, n kò mọ̀. N kò béèrè rí.

Mo ti kọ̀wé sí dókítà náà ní àárọ̀ òní pé mo gbà, ṣùgbọ́n pé àga méjì ni mo fẹ́, àti pé mo fẹ́ kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ ní àyè láti dáhùn láìsí òbí nínú yàrá. Ó dáhùn pé nítorí pé Àníkẹ́ kò tíì pé ọdún 18, òun yóò kọ́kọ́ fi tó ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ létí, ṣùgbọ́n kí àwa méjèèjì máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí ó wá jókòó kó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Àníkẹ́ ti gba bírò pupa náà lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kejìlá ló wà báyìí, ó sì ti fa ìlà sábẹ́ mẹ́rin.